Bí Kajú Parakou Ṣe Dénú Àsè Íńdíà

Bí ọdún Diwali bá ti ń sún mọ́lé, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ohun dídùn ní Íńdíà kì í dilẹ̀. Kaju katli ni tọmọdé tàgbà ń béèrè. Wọn a lọ kajú kúnná, wọn a se ṣúgà lómi títí yóò fi máa fà bí òwú láàárín ìka méjì, wọn a da kajú lílọ̀ sí i, wọn a sì máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi ṣù. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ ní igun mẹ́rin, wọ́n á sì fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé jẹ bo ojú rẹ̀. Páálí rẹ̀ ni àwọn ẹbí fi ń kí ara wọn kú ọdún, òun náà ni ọ̀gá ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Tó bá ṣe ìgbéyàwó ni, kajú náà kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Alásè ìhà àríwá Íńdíà tí iṣẹ́ dá lójú kì í fi tòmátì se ọbẹ̀ ẹran korma. Kajú tàbí àmọ́ńdì ni yóò rẹ sínú omi gbígbóná, tí yóò lọ̀, tí yóò rò mọ́ wàrà kíkan àti àlùbọ́sà díndín, títí ọbẹ̀ ẹran náà yóò fi ki. Wọ́n tún ń dín kajú nínú gíì, ìyẹn bọ́tà yíyọ́ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, kí wọ́n tó fọ́n ọn sórí ìrẹsì biriyani. Ní Kerala lápá gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń jẹ àsè ọdún Onam lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun ló máa ń wà lójú payasam, oúnjẹ dídùn tí wọ́n ń bù nígbà tí àsè bá ń parí lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú kajú yẹn kò hù ní Íńdíà. Oko tó yí Parakou ká, ní orílẹ̀-èdè Benin, ti wà lára ibi tó ń ti wá fún ọ̀pọ̀ ọdún: Tchaourou, N'Dali, títí dé apá Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún.

Brazil ni igi kajú ti ṣẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e dé Goa ní Íńdíà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nílẹ̀ Benin, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Dahomey, ìjọba ló gbìn ín káàkiri láàárín ọdún 1960 sí 1970, kí ó lè di ilẹ̀ mú, kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Owó kọ́ ni wọ́n fojú sí nígbà náà. Àmọ́ ní Kollam, ní Kerala, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa kajú ti ń gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, obìnrin ló sì pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà. Èyí tí wọ́n ń kórè nílé kò tó wọn, wọ́n wá ń ra ti Mozambique àti Tanzania. Mozambique gba òmìnira ní 1975, ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e, kajú ibẹ̀ sì dín kù gidigidi. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn oníṣòwò wá kọjú sí. Àgbẹ̀ Borgou, ẹkùn tí Parakou wà, tó ti ń fojú igi òjìji wo kajú wá rí i pé ó lè san owó ilé ìwé ọmọ.

Ó rọrùn fún Parakou láti di ibi àkójọ. Ọkọ̀ ojú irin láti Cotonou létí òkun dé ibẹ̀ ní 1936, ibẹ̀ ló sì parí sí. Kí ìjọba tó fòfin de kíkó kajú tèèpotèèpo jáde ní 2024, ẹni tó bá wá ra kajú níbẹ̀, yálà ará Íńdíà tàbí aṣojú rẹ̀, kì í fi ojú lásán rà á. Yóò bù lára àpò, yóò la kóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, yóò ṣa èyí tó bà jẹ́ kúrò, yóò wá wọn ọmọ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní KOR nìyẹn: iye pọ́n-ùn ọmọ kajú tí àpò 80 kílò lè mú jáde. Ti Benin sábà máa ń wà láàárín 46 sí 50, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a. Ìkánjú tún máa ń wà níbẹ̀ nígbà náà, nítorí èyí tí wọ́n kó ní oṣù kẹta gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òkun, kí wọ́n sè é, kí wọ́n pa á, kí wọ́n bó o, kí Diwali tó dé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé obìnrin tó ṣa kajú yìí lábẹ́ igi, tó tẹ̀ ba láti òwúrọ̀, kì í sábà rí i jẹ lọ́jọ́ ìkómọjáde ọmọ tirẹ̀. Èèpo kajú ní òróró kan tó ń bó awọ ọwọ́, kò ṣeé pa bí a ti ń pa ẹ̀pà, nítorí náà tèèpotèèpo ni ó fi ń lọ sókè òkun tẹ́lẹ̀. Èyí ti ń yí padà. Láti 2010 ni ilé iṣẹ́ Tolaro Global ti wà ní Tourou, lẹ́bàá Parakou. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024, òfin ìjọba tó ní kí wọ́n má kó kajú tí wọn kò tíì pa jáde mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Glo-Djigbé, nítòsí Cotonou, ìjọba àti ilé iṣẹ́ Arise IIP, tí Gagan Gupta ọmọ Íńdíà dá sílẹ̀, ti jọ kọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń pa á. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin Kollam ti di iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin Benin.

Odidi ọmọ kajú ni ọjà òkèèrè ń fẹ́ jù. W320, bí àpẹẹrẹ, ni èyí tí nǹkan bí 320 rẹ̀ pé pọ́n-ùn kan. Èyí tó bá fọ́ kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ adùn wọn kò yàtọ̀, ẹni tí yóò sì lọ nǹkan kúnná kò nílò odidi. Ẹ̀yin ìyá alásè Parakou, ẹ̀yin tí ẹ ń gún iyán fún gbogbo ìnáwó, ẹ ra kajú fífọ́. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ àlùbọ́sà, ẹ dà á sínú omi adìẹ bí ẹ ti ń da ẹ̀pà lílọ̀. Kí iná má pọ̀ jù o, nítorí ó tètè ń jó mọ́ ìdí ìkòkò.