Ta Ló Ń Gbèsì fún Asọ̀rọ̀mágbèsì?

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù iṣu àti ẹja gbígbẹ tó pọ̀ ní Woolwich àti Plumstead níbí. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù ni mo ní lọ́kàn, ibi téèyàn lè rìn wọlé kó bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Iléeṣẹ́ tó ti na wáyà wọnú pálọ̀ yín, kí ló tún ń fi káńtà ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Èkó. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn èèyàn níbẹ̀. Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1939. Àpótí kékeré kan ló máa ń wà nínú ilé, oníbàárà á sì máa san owó oṣù. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ náà lẹ máa gbọ́. Ibẹ̀ làwọn baba wa ti rí orúkọ tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ Yorùbá: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ tú u wò: a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, ẹ ṣàkíyèsí pé "gba èsì" ló di "gbèsì".

Orúkọ yẹn bá ẹ̀rọ náà mu gan-an. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wáyà yẹn ń tọ̀. Bí àpótí bá dákẹ́, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi kí oníbàárà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ fẹjọ́ sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Woolwich. Òkè Shooters Hill dí ọ̀nà mọ́ ìgbì tẹlifíṣọ̀n tó ń bọ̀ láti òpó Crystal Palace, torí náà àwòrán kì í mọ́ dáadáa lápá ibí. Wáyà ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Orí wáyà ni Greenwich Cablevision ti bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n àdúgbò ní 1972, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú márùn-ún tí ìjọba fún láṣẹ láti dán irú ẹ̀ wò. Ní 1978, Thamesmead náà ní rédíò tiẹ̀ lórí wáyà. Láyé ìgbà yẹn, Rediffusion ní ṣọ́ọ̀bù lójú pópó káàkiri ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi téèyàn ti lè yá tẹlifíṣọ̀n. Wáyà ni ẹnu, ṣọ́ọ̀bù ni etí.

Ní Nàìjíríà, ojú ọ̀run ni DStv ń gbà wọlé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Sátẹ́láìtì ń da ìgbì sílẹ̀ fún gbogbo àwo orí òrùlé, àmọ́ wọ́n ti tì í pa, káàdì inú dẹkódà ló ń ṣí i. Bí ẹ bá sanwó, iléeṣẹ́ á fi àṣẹ kékeré kan ránṣẹ́ látòkè, tó ní nọ́ńbà tiyín nínú. Bí dẹkódà bá wà ní pípa lásìkò yẹn, àṣẹ náà kọjá lọ nìyẹn. Dẹkódà ò sì lè fèsì sókè pé "mo ò gbọ́". Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ fún yín ní káńtà pé, "Ẹ tàn án sílẹ̀ o!"

Láti Thamesmead níbí, fóònù ni mo fi ń san owó dẹkódà ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ràn. Nígbà kan tí dẹkódà dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, fóònù mi ṣáà ń sọ pé owó ti wọlé. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yọ káàdì, ó fi aṣọ nù ún, ó dá a padà. Ó ṣiṣẹ́.

Wáyà Woolwich òde òní ti ń gbèsì ní tiẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù inú ilé ń ròyìn ara rẹ̀ fún iléeṣẹ́, wọ́n sì lè rí i látọ̀nà jíjìn bí ìgbì bá lọ sílẹ̀. Virgin Media, tí wáyà àdúgbò wa bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn Videotron, Cable & Wireless àti NTL, ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mẹ́tàléláàádọ́ta pa ní 2020.

Lójú tèmi, èsì yẹn ò tíì pé. Módẹ́ẹ̀mù mọ ìgbì tó lọ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé màmá kan ń dá gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí lẹ́tà owó tó lé kò yé wọn, tí Òyìnbó orí fóònù sì ń yára sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n á gbé fóònù lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú: "Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n."