Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Ń Ṣàìsàn: Ṣé Ká Tún Un Ṣe, Àbí Ká Ra Òmíràn?

  Kí ẹni tó mọ̀wé nínú ẹgbẹ́ mú gègé àti ìwé o, torí ọ̀rọ̀ òní ní ìṣirò nínú.

Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tó ń ṣe gàrí fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Kọ̀ǹpútà àgbéká tí akọ̀wé wọn fi ń ṣe ìṣirò ń kú fúnra rẹ̀, ọjọ́ kan sì dé tí kò tàn dáadáa mọ́. Inú rẹ̀ ni orúkọ ìyá méjìlélógún wà, iye tí oníkálukú yá, iye tó ti san, àti iye tó kù. Owó tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ kò ju 110.000 séfà lọ, owó yẹn kan náà ni wọ́n sì fẹ́ fi tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe. Atúnṣe kan wo kọ̀ǹpútà náà, ó ní carte mère rẹ̀ ló bàjẹ́, 60.000 ni òun máa gbà. Ọmọ akọ̀wé ní kí wọ́n má wulẹ̀ tún un ṣe, kí wọ́n lọ ra òmíràn ní Kútọnu. Àwọn ìyá wá bi wá pé: ọ̀rọ̀ ta ni ká gbọ́?

Ìdáhùn tí mo fún wọn ni màá sọ fún gbogbo yín. Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ ná: ṣé ìwé ẹgbẹ́ wà láìléwu? Ẹ̀yà wo ló bàjẹ́ gan-an? Èló ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ́jà lónìí? Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ẹgbẹ́ là

Kọ̀ǹpútà ṣeé rà. Ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ kò sí lọ́jà kankan. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, máàkì àwọn ọmọ kíláàsì méjì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró kọ́-kọ́-kọ́ nínú. Mo ní tó bá di Sátidé màá tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló dákẹ́. Ìdánwò tí àwọn ọmọ ti ṣe tán, wọ́n tún padà ṣe é nítorí àìtètè ṣe mi.

Ìró kọ́-kọ́ yẹn, dìsíkì ló ń ké. Dìsíkì ni àká kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ń kó gbogbo ohun tí ẹ kọ pamọ́ sí. Ti àtijọ́ ní àwo róbótó tó ń yí nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń pẹ́ jù kó tó ṣí ìwé kan, ẹ má dúró. Bó bá ṣì ń tàn, ẹ da ìwé ẹgbẹ́ kọ sórí clé USB lónìí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà mìíràn sórí fóònù ẹni tí ẹ fọkàn tán. Bí kò bá tàn mọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Atúnṣe lè yọ dìsíkì náà, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó sì kó ìwé yín jáde. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀yà wo ló bàjẹ́?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kọ̀ǹpútà tí kò ṣiṣẹ́, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú. Ẹ dán àwọn nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó gbé e jáde nílé.

Bí kò bá tàn rárá, ẹ wo ṣájà ná. Ẹ yá ti ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára méjèèjì: nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà V gbọ́dọ̀ dọ́gba, èyí tó wà níwájú lẹ́tà A kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Bó bá tàn, ṣájà nìkan ni ẹ máa rà.

Bó bá ń tàn, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó sì ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, eruku ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú wa rí! Eruku á dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kọ̀ǹpútà á sì pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n gbọn eruku fáànù rẹ̀ dànù, kí wọ́n pààrọ̀ ìpara tó ń gbé ooru kúrò. Iṣẹ́ kékeré ni.

Bí iná bá lọ tí òun náà sì kú lójú ẹsẹ̀, bátìrì ti gbó. Bátìrì kọ̀ǹpútà kì í wà títí: bí a ṣe ń gba iná sí i tí a ń lò ó tán, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó bá ti tó ìgbà 300 sí 500, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ìyẹn ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ kọ̀ǹpútà bá wú bíi búrẹ́dì, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un. Bátìrì tó wú lè gbiná.

Bí ojú rẹ̀ bá dúdú ṣùgbọ́n tí ẹ ń gbọ́ ìró nínú, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, ojú rẹ̀ tàbí okùn ojú náà ni ẹ óò tún ṣe.

Bó bá kàn ń falẹ̀, tó sì jẹ́ pé dìsíkì aláwo ló ń lò, kí wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀, ìyẹn dìsíkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Nínú gbogbo àtúnṣe, èyí ló máa ń sọ arúgbó dọ̀dọ́ jù.

Èyí tó le ni carte mère, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Bó bá jẹ́ òun ló bàjẹ́ lóòótọ́, tàbí tí omi ti wọ ibẹ̀, owó àtúnṣe sábà máa ń pọ̀, ó sì lè tún bàjẹ́ láìpẹ́.

Ìṣirò wa nìyí

Ẹ ní kí atúnṣe kọ iye ẹ̀yà sọ́tọ̀, kó kọ owó iṣẹ́ sọ́tọ̀. "60.000 ni gbogbo rẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye kọ̀ǹpútà àlòkù tó bá tiyín dọ́gba. Ẹ má fi tuntun inú páálí díwọ̀n.

Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ ṣe o, iye tí wọ́n bá pè fún yín ni kí ẹ fi sí àyè tèmi. Ká ní àlòkù jẹ́ 90.000. Owó mọ́tò lọ àti bọ̀, 8.000. Owó ẹni tó máa to iṣẹ́ yín sínú rẹ̀, 5.000. Àpapọ̀ rẹ̀ 103.000, ìdajì rẹ̀ 51.500. Bí àtúnṣe bá wà nísàlẹ̀ ìdajì, tí ẹ̀rọ kò sì ní àrùn mìíràn, ẹ tún un ṣe. Bó bá kọjá ìdajì, ẹ máa ronú òmíràn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàrin ọdún kan, ẹ ro gbogbo owó tó ti jẹ pọ̀, ẹ má ka ti òní nìkan.

Iṣẹ́ tí ẹ ń fi í ṣe náà ní ọ̀rọ̀ í sọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft parí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Àwọn kan á ní kí ẹ jù ú nù nítorí ìyẹn. Ẹ má kánjú. Ìṣirò ẹgbẹ́ kò wúwo. Ẹ ní kí wọ́n fi Linux Mint sí i, ọ̀fẹ́ ni. LibreOffice tó ń ṣe ìṣirò náà, ọ̀fẹ́ ni.

Bó bá di dandan kí ẹ rà

Ọ̀pọ̀ àlòkù ń gba èbúté Kútọnu wọlé láti Yúróòpù. Èyí tó dára wà níbẹ̀, òkú náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n tan án lójú yín. Ẹ fà á kúrò lára iná, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ wo bí lẹ́tà ṣe tò: AZERTY tí àwọn ọmọ wa mọ̀ kọ́ ni èyí tó ti Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì wá. Kí ẹni tó ń tà á kọ orúkọ, iye owó àti ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sínú ìwé. Ní ti ògbólógbòó, ẹ yọ dìsíkì rẹ̀ pamọ́, kí ẹ ta ìyókù fún àwọn atúnṣe. Ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ ní májèlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá já sí

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kejì, ìyá méjì sì jókòó tì í bó ṣe ń ṣí i. Carte mère kò ṣe nǹkan kan. Eruku ti dí fáànù, dìsíkì sì ti ń kú lọ. SSD 22.000, owó iṣẹ́ 10.000: àpapọ̀ 32.000. Ó kù 78.000 fún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Ìwé ẹgbẹ́ jáde, àfi ti oṣù méjì tó gbẹ̀yìn. Ìyá olùtọ́jú owó ló kó wọn yọ, torí kò fìgbà kan dáwọ́ dúró láti máa kọ ọ́ sínú káyé rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, òun ló ń ka iye fún akọ̀wé ní gbogbo ìpàdé.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́: Ta ló ní ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ yín, yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kan ṣoṣo? Bó bá kú lálẹ́ òní, kí lẹ máa pàdánù? Ẹ jíròrò rẹ̀, kí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa.