Àtọ̀gbẹ lára ọ̀dọ́: Ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ kí òbí tó ti ọjà dé

Bí òbí bá ti jí lọ sí ọjà Mile 12 láti ìdájí, tí ọmọ sì gba iléèwé lọ ní Ìkòsì, ta ló ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ fi ṣe pàtàkì bí oògùn.

Àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà. Ara ọmọ kò pèsè insulin mọ́, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara kó lè di agbára. Kì í ṣe bisikíìtì ló fà á, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, kì í sì í ràn. Ọmọ á máa tọ̀ léraléra, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á sì máa rù.

Láyé àtijọ́, ikú ló máa ń já sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1922, ní Toronto ní Kánádà, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba abẹ́rẹ́ insulin. Ọdún 13 ló tún lò láyé. Títí dòní, kò sí àgbo tó lè rọ́pò insulin. Ẹ gbàdúrà o, àmọ́ ẹ má dá abẹ́rẹ́ dúró.

Kí ni ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀?

Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ ju 70 lórí ẹ̀rọ, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Kó jẹ kúùbù ṣúgà 3 tàbí 4 kíá, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún un wọ̀n. Bó bá dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Bó bá ń bì, tó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso, ṣúgà ti ga jù nìyẹn. Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìrẹsì, iṣu àti èso tó kún ọjà Ìkòsì kì í ṣe èèwọ̀. Ìwọ̀n ni kó mọ̀, kí abẹ́rẹ́ sì bá oúnjẹ mu.

Ooru máa ń ba insulin jẹ́, yìnyín náà ń bà á jẹ́. Bí kò bá sí iná, ẹ di èyí tó ń lò lọ́wọ́ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tó wà nínú ńlá, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín méjèèjì.

Ìtìjú ló ń mú kí ọ̀dọ́ mìíràn fo abẹ́rẹ́, kí ẹgbẹ́ má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí tíṣà kan àti ọ̀rẹ́ kan mọ̀. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ ọmọdé wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, àti LASUTH, Ìkẹjà. Ẹ mú ọmọ dání lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀.