Ọ̀nà Orí Òkun

Ìdílé tí ó bá fi ọkọ̀ tí a ṣe bí ilé rin ìrìn-àjò lọ sí Key West, ní gúúsù Florida ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò gba orí afárá 42 kọjá. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó máìlì 7. Henry Flagler, ọlọ́rọ̀ pàtàkì, ni ó la ojú irin débẹ̀ ní 1912. Ìjì líle ti 1935 bà á jẹ́, apá ilé-iṣẹ́ rélùwéè kò sì ká àtúnṣe rẹ̀ mọ́. Ìjọba Florida ni ó rà á, tí a sì sọ ọ́ di ọ̀nà mọ́tò ní 1938. Lónìí, bàbá, ìyá àti ọmọ ń gbà á kọjá, wọ́n sì ń sùn nínú ọkọ̀ wọn létí òkun.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa: ohun tí ó wó mọ́ ọlọ́rọ̀ lọ́wọ́, àgbájọ ọwọ́ lè gbé e dìde. Ní tiwa, ìjọba ni kí a máa bi léèrè ọ̀nà, kì í ṣe olówó.