Ta Ló Ń San Owó Ogun Ìráàkì?

Bí orílẹ̀-èdè kan bá ní òun fẹ́ fi ìbọn gbin ìjọba tiwa-n-tiwa sí ilẹ̀ onílẹ̀, ta ló ń san owó rẹ̀, kí sì ni àwọn tó ń san án ń sọ? Ẹ jẹ́ ká fi ogun Ìráàkì ṣàlàyé rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2003, Ààrẹ George W. Bush rán ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ lé Saddam Hussein, olórí Ìráàkì, kúrò lórí àlééfà. Ohun ìjà apanirun tí wọ́n ní Saddam kó pamọ́ ni àwíjàre àkọ́kọ́. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa, pé kí àwọn ará Ìráàkì máa fìbò yan olórí wọn, ti wá gba iwájú.

Bí wọ́n ṣe ń mọ èrò aráàlú rèé. Ilé iṣẹ́ bíi Gallup á ṣa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn kárí Amẹ́ríkà, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà léraléra: ṣé àṣìṣe ni bí a ṣe rán ọmọ ogun lọ sí Ìráàkì? Poll ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwádìí èrò. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 23 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àṣìṣe ni. Nígbà tó fi di 2008, ìwádìí èrò fi hàn pé iye wọn ti lé ní 60.

Owó kọ́ ló ṣáájú ohun tó yí wọn lọ́kàn padà. John Mueller, ọ̀mọ̀wé tó ti yẹ ogun Kòríà àti ti Vietnam wò, ṣàkíyèsí pé bí òkú ọmọ ogun bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àtìlẹ́yìn ń dín kù. Ti Ìráàkì kò yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú níbẹ̀ sún mọ́ 4,500. Òkú ọmọ kò ṣeé fi pamọ́ fún òbí. Owó ṣeé fi pamọ́.

Nígbà ogun Vietnam, ìjọba fi kún owó orí. Lọ́tẹ̀ yìí, ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, ṣe ni Bush fọwọ́ sí òfin tó dín owó orí kù! Ìjọba wá ń ta bond, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó tí ẹni tó bá rà á á máa gba èlé lórí rẹ̀. Ó dà bí ìnáwó tí wọ́n fi àwìn ṣe: àlejò jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó, kò sẹ́ni tó béèrè iye tí wọ́n ra màlúù, àfi lọ́jọ́ tí ẹni tó tà á bá wá kan ìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, láti 1973 ni wọn ò ti fipá mú ọmọ ẹnikẹ́ni wọṣẹ́ ológun mọ́, ilé tí ogun náà kàn gbọ̀ngbọ̀n ò pọ̀.

Lọ́dún 2002, Lawrence Lindsey, olùdámọ̀ràn Bush lórí ọrọ̀ ajé, ní ogun náà lè gba bílíọ̀nù 100 sí 200 dọ́là. Àwọn ọ̀gá yòókù ní ó ti pọ̀ jù. Kí ọdún tó parí, Lindsey ti kúrò nípò. Iye tó tiẹ̀ dá kéré ni. Nígbà tó fi di 2014, owó tí ilé aṣòfin ti yọ̀ǹda ti lé ní bílíọ̀nù 800.

Èlé orí ìwé ẹ̀yáwó àti ìtọ́jú ọjọ́ iwájú fáwọn tó fara pa kò sí nínú ìyẹn. Lọ́dún 2008, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Joseph Stiglitz àti Linda Bilmes, ṣírò wọn pọ̀, wọ́n ní àpapọ̀ rẹ̀ á tó tírílíọ̀nù mẹ́ta, ìyẹn bílíọ̀nù 3,000. Àwọn kan ní àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí ní 1865: ọmọbìnrin ọmọ ogun kan ṣì ń gba dọ́là 73.13 lóṣooṣù lórí rẹ̀ títí tó fi kú ní 2020. Ẹni ogún ọdún tó lọ Ìráàkì ní 2003 ti lé lógójì báyìí. Ìgbà tó bá darúgbó gan-an ni owó ìtọ́jú rẹ̀ máa ga jù.