Jíìpù Dísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́: Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Ọ̀dà

Bí òjò ńlá bá rọ̀ l'Ópèbí, tí Odò Ìyá Aláró kún, tí àgbàrá gba títì, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á dúró sójú kan. Jíìpù àtijọ́ tó ga lẹ́sẹ̀ á sì máa wọ́ lọ jẹ́jẹ́ láàárín wọn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń wu èèyàn láti ra ọ̀kan.

Ìdí tó fi ń lọ ni pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Rudolf Diesel, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Jámánì ní 1897, mọ̀ pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi, yóò gbóná débi pé epo tí a bá fín sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì 1HZ tí Toyota gbé wọ inú Land Cruiser ní 1990, wọ́n á fún afẹ́fẹ́ náà títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú 22. Pọ́ǹpù onírin ló ń ti epo lọ sí nọ́sù, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ tí omi máa bà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọlé, ó parí. Omi kì í ṣeé fún bí afẹ́fẹ́; irin inú ẹ́ńjìnnì ni yóò tẹ̀. Nítorí náà, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ ó gbé e wá láti òkè òkun. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í gba ọkọ̀ àlòkù tó ti lé ní ọdún 12 wọlé, láti oṣù kìíní 2017 ni wọ́n sì ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ọ̀nà Kútọnu tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tó ti wà nílé náà ló kù: èyí tí ìjọba tà ní gbàǹjo, èyí tí iléeṣẹ́ kan pa tì, àwọn Land Rover tí Leyland tò n'Íbàdàn. Bí ẹ bá rí èyí tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó lè jẹ́ pé ó ti wọ̀lú ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì.

Land Rover ló máa ń tan èèyàn jù. Nígbà tó jáde ní 1948, irin wọ́n ní Ìlú Ọba lẹ́yìn ogun, alumínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ara yẹn á máa dán títí, kò ní dógùn-ún. Ṣáṣí abẹ́ rẹ̀, irin ni. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ sùn sábẹ́ rẹ̀ (ẹ wọ aṣọ tí kò ká yín lára), kí ẹ máa kàn án. Irin tó dá ṣáká á dún gbọnrangandan. Èyí tí ìpáàrà ti jẹ nínú á dún pọ̀pọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ náà, èmi ò ní dúró bi wọ́n léèrè iye.

Fún ẹ́ńjìnnì, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ẹni tó ń tà á sọ pé, "Ọ̀gá, mo kàn ní kí n ti gbóná ẹ̀ dè yín ni," ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Ojú ọjọ́ Èkó máa ń bo àárẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì láṣìírí, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù nìkan ni yóò jẹ́wọ́. Èéfín dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tó dà bí aró, ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́: bí ó bá ń tú yàà bí ìkòkò tó ń hó, ríìngì ti jẹ.

Bí ẹ bá bi mí, Toyota ni n ó mú, nítorí pé Ládìípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Múṣín, kò jìnnà. Kí nọ́ńbà ara ṣáṣí sì bá ti inú ìwé mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá ni yóò bá yín wakọ̀ náà.

Ẹ tún ní kí ẹni tó ń tà á fi jíà táyà mẹ́rin sí i. Orí iyanrìn ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe orí ọ̀dà títì Òpèbí, nítorí pé tí táyà ò bá rí ibi yọ̀, jíà ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára wọn ló ti ń rìn l'Ékòó láti ọjọ́ yìí láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀pá jíà yẹn rí.