Òkè Tó Dìde Létí Òkun Sàró

Omi ò wọ́n ní Kuje l'Ékòó. Láti Fẹ́stáàkì dé ìpẹ̀kun Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ọ̀sà wà, àbàtà wà, àgbàrá náà kì í sì í gbàgbé ọ̀nà nígbà òjò. Òkè ni kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí òkè ńlá ti bá òkun pàdé, Freetown ní Sàró ni kó forí lé.

Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń gbé èrò kúrò lápá pápákọ̀ òfurufú Lungi, wọn ó máa rí àwọn òkè náà lẹ́yìn ìlú, igbó bò wọ́n. Picket Hill tó ga jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 mítà sókè òkun. Olúmọ tí à ń gùn l'Abẹ́òkúta kò ju 137 lọ. Láti 1916 ni ìjọba ti fi òfin dáàbò bo igbó yìí. Western Area Peninsula National Park ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ilé ni ibẹ̀ jẹ́ fún Yorùbá, ká má parọ́. Abúlé bíi Regent, Charlotte àti Bathurst tó wà láàárín òkè wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ló tẹ̀ wọ́n dó. Bathurst ni wọ́n mú Àjàyí ọmọ Òṣogùn lọ ní 1822. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà, kó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864. Àwọn ọmọ Àkú, ìran Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà, ṣì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ní Freetown títí dòní.

Ìṣàn omi ń já láti orí àpáta ní Charlotte. Ẹyẹ kan wà tó ń fi amọ̀ kọ́ ilé sára àpáta, orí rẹ̀ pá, kò níyẹ̀ẹ́. Téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ dé etíkun River Number Two, iyanrìn funfun ló kù, òkè ń wò ó látẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń gé igbó náà kọ́lé. Ní 14 oṣù kẹjọ, 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀ ní Regent. Àwọn tó kú àtàwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Nítorí igbó tí wọ́n ń gé yìí ni ọgbà Tacugama, tó ti ń tọ́jú àwọn ìnàkí aláìníyàá nínú igbó yìí láti 1995, fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò ní oṣù karùn-ún 2025, láti fi ẹ̀hónú hàn. Kẹ́ni tó ń lọ wádìí kó tó dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ló dára jù láti lọ. Ọmọ Nàìjíríà tó ní páásípọ́ọ̀tù kò nílò físà láti wọ Sàró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́.